A Kì Í Ka Ará Odò-Ìgbín

"Éwù!"

Fìyìnfólúwa ló fi òyìnbó pariwo ìríra bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó fọwọ́ di imú. Ìyá wa dúró nídìí síǹkì, wọ́n ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìgbín tí a rà ní Plumstead High Street ní Lọ́ńdọ̀n, omi ìgbín sì ń fà yọ̀ọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìyá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gèlè wọn.

"Ewú? Ṣé ewú orí mi ti yọ síta ni?"

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Èmi Oyèbọ́lá, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Thamesmead níbí. Ìgbẹ́ arúgbó kò rí mi lára rárá, mo ti nu ún tó. Ìwà ọmọ tó ń fi ilé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń rí mi lára, ẹ óò sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Ọládèjì, tó ń wa bọ́ọ̀sì, ni Fìyìnfólúwa. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ìyá tó bí èmi àti bàbá rẹ̀ ti Odò-Ìgbín, ìlú wa nílé, wá lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìgbà náà ni tíṣà jọ́gíráfì Fìyìnfólúwa ní kí kálukú wá sọ̀rọ̀ nípa ìlú kékeré kan tí ẹbí rẹ̀ ti ṣẹ̀: bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, odò tó ń ṣàn níbẹ̀, àti iye èèyàn tó ń gbé ibẹ̀. Iwájú àwọn òbí ni wọn yóò ti sọ ọ́, máàkì rẹ̀ yóò sì wọ èsì ìparí ọdún.

"Mama, sọ fún mi nípa abúlé yín jàre," ni Fìyìnfólúwa wí, ó gbé fóònù sókè nídìí síǹkì níbi tí Ìyá ti ń fọ ìgbín, ó ń ya fídíò.

Sọ fún mi! Bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ku díẹ̀ kí n fọ́ ọ létí, ṣùgbọ́n inú Ìyá ti dùn.

"Abúlé kọ́, Àbẹ̀kẹ́ mi. Ìlú tó bá ti ní ọba, bó ti wù kó kéré, ìlú ni. Òkè wà lẹ́yìn wa, òun ló ń gba ìjì fún wa. Odò wà níwájú. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ̀lú, kò sì jáde síbòmíràn. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀."

Àbẹ̀kẹ́ yẹn ni oríkì rẹ̀. Nínú gbogbo Lọ́ńdọ̀n, Ìyá nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Èèwọ̀! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n mo lè dárúkọ wọn fún ọ."

Ni Ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn lójúlé-lójúlé. Ilé Ọba. Ilé Alágbẹ̀dẹ. Ilé Apẹja. Wọ́n dé ilé tiwa, ilé Akọ̀pẹ: "Ọládèjì, Oyèbọ́lá, Àbẹ̀kẹ́..."

"Èmi náà wà níbẹ̀?"

"Níbo ni ò bá tún wà? Ẹni tó lọ sóko, ṣé ó ti kúrò nílé ni?"

Ohun tó mú un yí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ nílé ìwé padà, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ọmọ náà tó jẹ́wọ́ rẹ̀ fún mi. Delight, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló wo fídíò yẹn tó ní, "Tó o bá ń dárúkọ àwọn arúgbó káàkiri, oorun á gbé wọn lọ. Fi ìgbín yẹn hàn wọ́n! Wàá pa wọ́n lẹ́rìn-ín." Ọmọ wa ní, "Ṣé Mama ò ní bínú?" Delight ní, "Ṣé Mama gbọ́ òyìnbó ni?"

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ máa sọ̀rọ̀, Ìyá wọ léèsì tuntun, wọ́n jókòó tì mí níwájú gbọ̀ngán ilé ìwé. Fìyìnfólúwa gbé fídíò sójú ògiri. Kí ni a rí? Ọwọ́ Ìyá àti omi ìgbín.

"Éwùùù!" ni gbogbo ọmọ kíláàsì ké.

"Odò-Ìgbín rèé," ni ọmọ wa fi òyìnbó wí. "Òkè kan, odò kan, ewúrẹ́ rẹpẹtẹ. Iye èèyàn? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀, torí wọ́n ń bẹ̀rù nọ́ńbà! Èmi ò wá láti ibẹ̀ o. Ọmọ Thamesmead ni mí."

Ọwọ́ òsì ló fi ń nàka sí ojú ìyá tó bí bàbá rẹ̀. Pùẹ̀! Ó rí mi lára. Ọmọ tí Ìyá fi ọwọ́ tó wà lójú ògiri yẹn bọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà!

Ìyá fà mí láṣọ. "Bọ́lá, kí ni àwọn ọmọ yìí ń wí sí ewú mi?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, n kò bù mọ́ ọn, n kò sì yọ níbẹ̀. Ìyá wo ara wọn lójú ògiri títí. "Ó dáa," ni wọ́n wí.

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó bi í pé, "Àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?" Ọmọ wa sáré pa fídíò náà. Ó jókòó láìrí máàkì gidi gbà.

Ta ló tún kàn? Delight! Ó wọ ìlẹ̀kẹ̀ ìyá ìyá rẹ̀, ó fi ohùn dídùn ròyìn ìlú kan tí kò tó Odò-Ìgbín pàápàá, gbogbo èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Ẹ wo ẹni tó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ tirẹ̀ nù, tòun ló gbé gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin. Ó kó mi nírìíra.

Ìyá kò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní, "Káàárọ̀, Fìyìnfólúwa." Bó ṣe di Fìyìnfólúwa láàárọ̀ àti lálẹ́ nìyẹn. Ọmọ náà kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò bìkítà. Nígbà tó yá, kò lè jẹun mọ́.

Nígbà tí ìpadàlọ Ìyá sílé kù sí dẹ̀dẹ̀, a mú wọn wọ Woolwich Ferry, torí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ ojú omi tí a kì í sanwó rẹ̀ yẹn. A ò tíì dé àárín odò tí Fìyìnfólúwa fi kúnlẹ̀ lórí irin níwájú gbogbo èrò.

"Mama, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún dárúkọ àwọn ará ilé fún mi, màá kọ́ ọ sórí."

"Ẹ" rèé! N kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá dárúkọ wọn. Ilé Ọba. Ilé Alágbẹ̀dẹ. Ilé Apẹja. Wọ́n dé ilé Akọ̀pẹ. "Ọládèjì. Oyèbọ́lá." Wọ́n wá kọjú sí omi.

"Mama, ó ku ẹnì kan."

"Ta ni?"

"Èmi ni. Àbẹ̀kẹ́."

Ìyá fọwọ́ nu omijé ojú ọmọ náà jẹ́jẹ́. "O ní Thamesmead ló ni ọ́. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Ọmọ náà sunkún títí a fi gúnlẹ̀ sí òdì kejì. Àánú ṣe mí, ṣùgbọ́n n kò bá a bẹ̀bẹ̀.

Ìyá ti padà sílé báyìí. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Fìyìnfólúwa ń pè wọ́n lórí fóònù, tó ń ka orúkọ ará Odò-Ìgbín lójúlé-lójúlé láìfo ẹnì kan. Tó bá parí, Ìyá á ní, "O ṣé, Fìyìnfólúwa." Ó ṣì ń retí Àbẹ̀kẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹ̀rín ẹgbẹ́ kì í pẹ́ tán nílẹ̀. Ẹni tó bá sì torí rẹ̀ yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò nílé, kì í ṣe òun ni yóò sọ ọjọ́ tí wọn yóò dá a padà.