Ìlà Iwájú Tí Wọ́n Ní Kí Ẹnikẹ́ni Má Jókòó Sí

Nǹkan àkọ́kọ́ tí kò yé mi lọ́sàn-án Sátidé yẹn ni pé Ìyáàfin Lin ń gbé ìwé ètò sórí gbogbo àga ìlà iwájú, ó sì ń gbé ike omi kékeré sí ẹsẹ̀ àga kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ òun kan náà ló kìlọ̀ fún mi pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀. Bó bá gbé omi kan kalẹ̀ tán, á tẹrí ba díẹ̀, á sì sún sí àga tó kàn.

Èmi ni olórí àwọn usher ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn Rye Lane ní Peckham, ní London. Bí kò bá sí ìsìn, a máa ń yá àwọn èèyàn ní gbọ̀ngàn náà. Lóṣù August yẹn, àwọn olórin ilẹ̀ Ṣáínà kan láti Deptford ló gbà á, Ìyáàfin Lin sì ni olórí wọn. Wọ́n tó ogójì, pẹ̀lú fèrè ọparun, dùùrù gbọọrọ tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì, àti ohun èlò olókùn méjì kan tó jọ gòjé, tó ń ké bí ẹni tó ń sunkún ní yàrá kejì.

Mo bi Ìyáàfin Lin pé ta ló ni àwọn àga náà. Ó ní àlejò ni. Mo rò pé àwọn ará council ló ń sọ, èmi sì mọ̀ wọ́n: bí wọ́n bá ní aago mẹ́ta, jókòó jẹ́ẹ́, máa jẹ̀pà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ màmá mi ló gbà mí lọ́kàn jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni àbúrò mi, Adébánjí, kú ní Ìbàdàn. Ọkàn Mummy kò lágbára. Dókítà ti sọ pé ìròyìn burúkú kan ṣoṣo lè gbé wọn lọ. Nítorí náà la ṣe fi ikú náà pa mọ́ fún wọn, bí a ṣe máa ń ṣe fún àgbàlagbà nílé wa. Bí wọ́n bá béèrè Bánjí, màá ní fóònù rẹ̀ ló bàjẹ́. Irọ́ náà ń dùn mí dé egungun, torí èmi gan-an ò tíì ráyè sunkún. Mo mú wọn dání wá sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà kí ẹnì kan má baà pe fóònù ilé láti bá wọn kẹ́dùn.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo àga ti kún, àfi ti iwájú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, èèwọ̀ ni kí iwájú ṣófo. Ibẹ̀ gan-an ni kámẹ́rà livestream ń wò, pásítọ̀ wa sì lè dá ìwàásù dúró nítorí àga kan ṣoṣo tó ṣófo. Wọ́n á ní, "Iwájú-iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí!" Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi èèyàn kún iwájú kí n tó kọjú sí ẹ̀yìn. Ọwọ́ mi ti ṣe é kí n tó ronú.

"Mummy, ẹ bọ́ síwájú jàre. Seat tó wà ní middle yẹn, ẹ máa gbọ́ dáadáa níbẹ̀."

"Ọláwùnmí, ṣé kì í ṣe reserved ni?"

"Wọn ò ní wá mọ́, Mummy. Ẹ jókòó."

Mo padà sẹ́nu ọ̀nà, orin sì bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa fi gba gbọ̀ngàn, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn lóde, òjò ò sì tíì rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Bí ohun èlò olókùn méjì náà ṣe ń dá ké, mo rí tìmùtìmù àga ọ̀tún Mummy tó rì wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn jókòó lé e. Lẹ́yìn náà, ti òsì. Lẹ́yìn náà, gbogbo ìlà náà, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mummy yíjú sí ọ̀tún. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n mú Tom Tom kan nínú báàgì, wọ́n nà án sí àga tó ṣófo, ọwọ́ wọn sì padà lófo. Mo gbéra láti lọ pè wọ́n dìde.

Ìyáàfin Lin ti dé ẹ̀gbẹ́ mi. Ojú rẹ̀ ti funfun.

"Má pè wọ́n dìde," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jẹ́ kí orin parí. Inú oṣù yìí ni wọ́n máa ń wá gbọ́ orin. Àwọn tó ti kú ni, àti ẹ̀mí àwọn tí ọjọ́ wọn ti sún mọ́lé, tí àwọn fúnra wọn ò tíì mọ̀."

Ìgbà tí àtẹ́wọ́ dún, mo sáré síwájú. Ọwọ́ Mummy tutù, ṣùgbọ́n ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere.

"Bánjí ló jókòó tì mí," ni wọ́n sọ jẹ́ẹ́. "Ó ti gé irun ẹ̀. Ó ti sọ fún mi. Ó ní ẹ̀ ń bẹ̀rù kí àyà mi má baà já."

Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo èèyàn. Mummy gbá mi mọ́ra, wọ́n ń rẹ̀ mí lẹ́kún, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló yẹ kí n rẹ̀ lẹ́kún. Ọkàn tí à ń bẹ̀rù fún ò ṣe nǹkan kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo nu ojú, mo sì béèrè.

"Mummy, left yín ńkọ́? Ta ló jókòó síbẹ̀?"

Wọ́n wo àga òsì náà, wọ́n tún wo ojú mi.

"Obìnrin kan ni. Mi ò rí ojú ẹ̀ dáadáa."

Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ ni ohùn tí mo ti fi ń sọ pé fóònù Bánjí bàjẹ́.

Láti ọjọ́ náà, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni Mummy máa ń kan ilẹ̀kùn yàrá wa. Ṣé mo sùn dáadáa? Ṣé àyà ò dùn mí? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ní àwọn fẹ́ bá mi book dókítà GP. Lánàá, bí mo ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, mo gbọ́ tí wọ́n ń bá Kọ́lápọ̀, ọkọ mi, sọ̀rọ̀ ní kíṣìnnì.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ́ kí Ọláwùnmí gbọ́ ẹni tí mo rí lápá òsì o, Kọ́lápọ̀. Kò ní lè gbé e."

Mo ṣílẹ̀kùn. Kọ́lápọ̀, tí kì í fọwọ́ kan kànrìnkàn, dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́. Mo kí wọn, wọ́n sì dáhùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo ojú mi.