Irùngbọ̀n Fàúsát

Ìwà òmùgọ̀ Fàúsát la ó kọ́kọ́ sọ, òun fúnra rẹ̀ kì í sẹ́ ẹ: ọjọ́ àkọ́kọ́ tó fojú kan Wahab, ìgbájú ló fi kí i.

Iléeṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Oregun ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí ìdí Fàúsát kò tíì tóbi ju àga lọ. Wahab ló ń pín ohun tí òṣìṣẹ́ fi ń bo irun, kí irun má baà bọ́ sínú ìyẹ̀fun. Ó fún un ní ti orí. Ó wo àgbọ̀n rẹ̀, ó tún na èyí tí àwọn ọkùnrin fi ń bo irùngbọ̀n sí i.

Gbàá!

"Ṣé òbúkọ lo rí ni?"

"Ẹ má bínú, sìsí. Òfin ni. Tèmi náà rèé."

Àgbọ̀n Wahab ń dán bí abọ́ tánganran, kò ní ẹyọ irun kan. Síbẹ̀ ó so tirẹ̀ mọ́ ọn.

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Wọn a jọ fẹsẹ̀ rìn dé Àgídìngbì, wọn a máa jẹ bísíkíìtì tó fọ́, òórùn ṣúgà a máa ta lára wọn.

"Onírùngbọ̀n mi."

"Kí ni, ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́?"

Áà, ayé ìgbà yẹn! Òórùn ṣúgà yẹn ṣì máa ń bá Fàúsát lójú oorun.

Ṣùgbọ́n nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wá bó ti yẹ. Wahab sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí. Nígbà tí wọ́n lọ kí wọn n'Íjẹ̀bú, màmá náà dì mọ́ Fàúsát: "Ìyàwó mi, ọmọ-ọmọ ni mò ń retí o."

Ìyá Fàúsát ní tiwọn sọ ojú abẹ níkòó: "Ara ọkùnrin lo gbé wáyé. Má lọ sọ ilé onílé dahoro."

Fàúsát sá, kò dágbére. Ó fẹ́ Alàájì kan l'Ágége tó ti bímọ tẹ́lẹ̀. Ló bá bí méjì fún un! Nígbà tó bí èkejì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, agbẹ̀bí rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Alàájì ti lọ bá Ọlọ́run báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fàúsát tẹ̀lé ọmọ-ọmọ rẹ̀, Hameedah, lọ rí dókítà: irùngbọ̀n kan náà, nǹkan oṣù kan náà.

"Họ́mónù tó pọ̀ lára ọkùnrin, obìnrin náà ní in díẹ̀," ni dókítà wí. "Ó lè jẹ́ pé láti inú oyún ni àwọn ọmọbìnrin kan ti gbà á jù. A ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Ẹyin tó ń di ọmọ kì í bọ́ lásìkò, kì í ṣe pé kò sí. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, ìtọ́jú sì wà."

Bí wọ́n ṣe jáde, Hameedah bú sẹ́kún. "Màmá, màá ní kí Kazeem máa lọ, kó fẹ́ ẹlòmíràn."

"Kí ó máa lọ síbo? Sọ ohun tí dókítà wí fún un, kó fẹnu ara rẹ̀ dáhùn! Má ya òpònú bíi tèmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí òun náà gbádùn. Ó wá ilé Wahab lọ sí Àgídìngbì. Ìyàwó Wahab ti kú. Baba náà nìkan ló jókòó síwájú ilé.

"Mo rò pé mi ò ní lè bímọ fún ẹ ni," Fàúsát wí. "Ìdí tí mo fi sá nìyẹn. Dárí jì mí."

Wahab fa àga kan fún un.

"O gbọ́ ti ìyá mi, o gbọ́ ti ìyá tìẹ. Fàúsát, èmi ńkọ́? Ta ló bi mí bóyá torí ọmọ ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ?"