Olólùfẹ́ Gbogbo Ará Porthenna

Agbọ̀n alákàn ló kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì náà, kí ẹni tó gbé e tó yọjú. Ọkùnrin gíga ni, omi òjò ń kán lára irun rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló sì fi ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ káàárọ̀, olólùfẹ́ mi,” ó wí fún dẹ́rẹ́bà. “Penzance ni mò ń lọ.”

Hilary Aldous, ọmọ Norwich tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan ní Cornwall, létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni dẹ́rẹ́bà náà. Ojú rẹ̀ pọ́n wẹ̀. Irú àfojúdi wo nìyí? Kò tíì rí èsì fọ̀ tí ìyá arúgbó kan fi gun bọ́ọ̀sì, tó ní, “O ṣeun, olólùfẹ́ mi.” Ẹlẹ́ran kan tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ tún pè é bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó dé Penzance, Hilary ti di olólùfẹ́ ìdajì èrò ọkọ̀.

“Ẹ má bínú,” ọkùnrin alágbọ̀n náà ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. “Bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn. Bí mo bá forí gbá òpó iná, n óò bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, olólùfẹ́ mi. Clemo Trevaskis ni mí. Apẹja ni mí.”

Láti ọjọ́ náà, Clemo ń wọ bọ́ọ̀sì kódà nígbà tí kò ní alákàn tó fẹ́ tà. Ẹ̀yìn Hilary ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa kọ́ ọ ní èdè wọn. Èèrà ni wọ́n ń pe àlejò tó ń ya wọ̀lú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tó wá ń dẹ́rù ba Hilary jù ni “láìpẹ́.” Níbòmíràn, láìpẹ́ kì í jìnnà. Ní Porthenna, ìlú àwọn Clemo, káfíńtà tó ní òun ń bọ̀ wá tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣe láìpẹ́ ti wà nínú ibojì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n Hilary ṣàkíyèsí ohun kan tí kò jẹ́ kó sùn dáadáa: Clemo kò pè é ní olólùfẹ́ mọ́. Ó ń pe ẹlẹ́ran bẹ́ẹ̀, ó ń pe ajá ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ńkọ́? Hilary lásán.

“Clemo, ìgbà wo lo máa mú mi lọ rí ìyá rẹ?”

“Láìpẹ́,” ó dáhùn, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Hilary rántí káfíńtà inú ibojì. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ní Norwich ti pè é pé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà, kó fèsì, ó pẹ́ tán lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, ó pàdé ìyá Clemo, Loveday Trevaskis, níbi tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀.

“Ìwọ ni èèrà tó ń wa bọ́ọ̀sì.”

“Èmi ni, mà.”

“Èèrà kì í pẹ́ níbí. Bí òtútù bá ti dé, wọn a lọ.”

Ọjọ́bọ̀ ni ìjì dé. Gbogbo ọkọ̀ apẹja ti wọlé lọ́sàn-án àfi ti Clemo. Hilary ń wa bọ́ọ̀sì lórí òkè etí òkun, ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan ó ń yọjú wo omi, ìfófòó funfun nìkan ló ń rí. Nígbà tí èrò bọ́ọ́lẹ̀ tán ní Porthenna, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sáré lọ sí èbúté. Loveday nìkan ló dúró níbẹ̀.

“Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú,” ìyá náà wí. “Ó sọ ọ́ lórí rédíò. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.”

Wọ́n dúró. Afẹ́fẹ́ ń já ìborùn wọn gbà. Ọ̀rọ̀ tí Hilary kò pète bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Màmá, mi ò mọ̀ bóyá mo lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró síbí. Ọmọ yín kò pè mí ní olólùfẹ́ mọ́.”

Loveday yíjú sí i.

“Nínú ilé mi, ológbò ni olólùfẹ́. Ẹni tó ń gbé wàrà wá ni olólùfẹ́. Ìwọ, orúkọ rẹ ló ń pè. Hilary sọ báyìí, Hilary ṣe bẹ́ẹ̀, títí ọbẹ̀ iwájú rẹ̀ á fi tutù. Bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń pe èmi náà nìyẹn. Ìdí tí ẹ̀rù rẹ fi bà mí nìyẹn: èèrà a máa lọ.”

Ó ṣe díẹ̀, ọkọ̀ ńlá kan yọ nínú kùrukùru, ó fi okùn fa ọkọ̀ kékeré kan lẹ́yìn. Loveday di ọwọ́ Hilary mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí Clemo fi gun àtẹ̀gùn èbúté, tí aṣọ rẹ̀ rin gbingbin.

“Hilary.”

“Mo wà níbí.”

“Mo ti ń fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ẹ̀rù màmá mi ló ń bà mí.”

“Ó yẹ kó bà ọ́,” Loveday wí.

“Ṣé wàá fẹ́ mi?” Clemo bi í. “Ìwọ ni kó o dá ọjọ́.”

“Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹrin,” Hilary dáhùn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Wá aṣọ gbígbẹ wọ̀ ná.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó pe Norwich, ó ní òun kò bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Loveday wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé pásítì gbígbóná kan, oúnjẹ ẹran tí wọ́n fi ìyẹ̀fun dì, tí wọ́n sì fi aṣọ wé, lé Hilary nítan, ó sì lọ jókòó. Hilary tú aṣọ náà. Ní Porthenna, ìyáálé ilé a máa fi ọ̀bẹ kọ lẹ́tà orúkọ ẹni tó ni pásítì sí igun rẹ̀, kí ará ilé má baà jẹ ti ara wọn. H ló wà lára èyí, lẹ́yìn náà T, ti Trevaskis.

Bọ́ọ̀sì náà kò tètè gbéra. Kò sẹ́ni tó bi Hilary pé kí ló dé.