Ọmọ Tí Ó Pe Rosaline ní Ìyàwó

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Lọ́sàn-án ni ó ṣẹlẹ̀, ní abà Búrẹ́mọ̀, lójú àwọn tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ṣì wà láyé. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọn kò ní sẹ́. Wọn kò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún 1972 ni, ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò ní apá òsì, kí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Zachariah, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná, wa ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ wá sí Igbó-Ọrà fún ọlidé oṣù kẹjọ. Ó kó Rosaline ìyàwó rẹ̀ wá pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn: Edith, Adérógbà, àti Wúràọlá àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí ọwọ́ Zachariah bá ti fẹ́ ṣì sí apá òsì, àwọn ọmọ a pariwo láti ẹ̀yìn ọkọ̀ pé, "Ọ̀tún, Bàbá! Ọ̀tún!" Wọ́n á wá bú sẹ́rìn-ín.

Ó fẹ́ kí wọ́n mọ ilẹ̀ baba wọn. Ó mú wọn lọ wo odò Ọ̀fíkì. Ó mú wọn dé Erúwà, wọ́n wo òkè títí ọrùn fi ń dùn wọ́n. Ó wá ku abà Búrẹ́mọ̀, lọ́nà Igangan, níbi tí wọ́n ti bí òun fúnra rẹ̀. Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn abà náà. Kò sí ọjọ́ tí kò gun àpáta náà nígbà tí ó wà ní kékeré.

Òjò winniwinni ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ. Ìyá Àkànó, àbúrò bàbá Zachariah, ni ó kọ́kọ́ yọ sí wọn.

"Àwọn Gàmbàrí mi dé! Edith, ṣé Yorùbá ni kí n fi kí ọ, àbí Haúsá?"

"Yorùbá ni, mà. Mo gbọ́ ọ dáadáa."

"Ó dáa. Kí ni à ń pe eléyìí?"

Edith wo ohun tí màmá nà sí i. "Iṣu ni."

"Esúrú ni, Gàmbàrí!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Adérógbà rẹ́rìn-ín jù, òun náà kò sì mọ ohun tí ó ń jẹ́ esúrú.

Rosaline ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sórí àpótí nígbà tí ọmọbìnrin kan gbé omi wá fún un nínú igbá. Ọmọ náà kò ju Wúràọlá lọ. Bùbá kíjìpá tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí ni ó wọ̀. Kò kúnlẹ̀.

"Ìyàwó wa," ni ó wí, "o kú àbọ̀."

Rosaline rò pé kò gbọ́ dáadáa. "Màmá ni kí o máa pè mí. Mo bí ẹni tí ó jù ọ́ lọ."

"Mo ti wà nílé kí wọ́n tó gbé ọ wá."

Ẹni tí ó bá ti lọ sílé ọkọ rí yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti rí. Gbogbo ẹni tí ìyàwó bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ wọn gan-an. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ bá sọ wọ́n ni yóò máa fi pè wọ́n. Ọdún tí a gba òmìnira ni wọ́n gbé Rosaline wọlé. Gbogbo àwọn tí ó bá nílé ti dàgbà. Ẹni tí ó kéré jù nínú wọn ti ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ayétẹ̀.

"Akọ̀wé lo sọ Àkànó," ni ọmọ náà wí. "Ìbàdíàrán lo sọ Mùnírátù. Èmi ńkọ́? O ò tíì sọ mí lórúkọ."

Rosaline wò yíká. Ó dá a lójú pé ẹnì kan ni ó kọ́ ọmọ yìí ní eré tí ó ń ṣe, pé onítọ̀hún ń rẹ́rìn-ín níbì kan. Kò rí ẹnikẹ́ni.

"Máa ṣeré lọ," ni ó wí. "Màá ro ti ìwọ náà."

Ó mu omi náà. Ó tutù ju omi àmù lọ. Ó tutù débi pé eyín rẹ̀ ta á.

Zachariah bá Àkànó lọ wo oko. Àwọn ọmọ ń sáré kiri. Ìyá Àkànó se àgbàdo, ó pín in fún wọn, ó fún ọmọ oníkíjìpá náà ní tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òun àti Rosaline jókòó, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ láti orí àpáta.

"Màmá," ni Rosaline wí, "ọmọ ta ni ọmọ yẹn?"

"Èwo?"

"Èyí tí ó gbé omi wá fún mi."

Ọwọ́ màmá dúró lórí ẹ̀gúsí. "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ mú un wá? Mo rí i tí ó ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ yín. Mo ní ọmọ aládùúgbò yín ní Kàdúná ni."

"A kò mú ọmọ ẹnikẹ́ni wá, mà."

"Ìyàwó, kò sí ọmọdébìnrin ní abà yìí."

Rosaline gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Ó pè mí ní ìyàwó," ni Rosaline wí. "Ó ní kí n sọ òun lórúkọ."

"Ṣé o sọ ọ́?"

"Rárá, mà."

"Má sọ ọ́ o. Ohun yòówù kí ó ṣe, má fi ẹnu rẹ sọ ọ́ lórúkọ."

"Kí ló dé, mà?"

"Má bi mí. Ohun tí ìyá mi máa ń sọ fún àwọn ìyàwó ilé yìí nìyẹn. Èmi náà bi í. Kò dáhùn."

Ìgbà yẹn ni Rosaline ṣàkíyèsí pé òun kò gbọ́ ẹ̀rín mọ́. Ẹyẹ kò ké. Adìyẹ tí ó ń tan ilẹ̀ nídìí àká dúró, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

Edith àti Adérógbà yọ láti ẹ̀yìn àká, wọ́n ń jẹ àgbàdo.

"Wúràọlá dà?"

"Ó bá ọmọ ilé yìí lọ sórí àpáta," ni Edith wí. "Ọmọ náà ní kí àwa má bọ̀."

Rosaline sáré. Gèlè rẹ̀ bọ́, kò padà mú un. Kùrukùru ti bo àpáta náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ni. Òkúta ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èémí ara rẹ̀ nìkan ni ó ń gbọ́.

Àwọn méjèèjì jókòó sí etí àpáta, níbi tí ó ti já sísàlẹ̀ gẹ́rẹ́. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. Wọ́n ga bákan náà. Bí kì í bá ṣe ti gáùn aláwọ̀ ewé tí ó rà fún Wúràọlá fún ọlidé, kì bá tí mọ èwo ni tirẹ̀. Ọmọ kejì di Wúràọlá lọ́wọ́ mú.

"Ìyàwó wa," ni ọmọ náà wí. Kò bojú wẹ̀yìn. "Kí ni orúkọ mi?"

Rosaline pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé èkejì.

"Kí ni orúkọ mi?"

Wúràọlá mira. Ìdí rẹ̀ yọ̀ lórí òkúta tútù. Òkúta wẹ́wẹ́ bọ́ lábẹ́ rẹ̀, Rosaline kò sì gbọ́ ìgbà tí wọ́n balẹ̀.

"Wúràọlá!"

"Mà," ni ọmọ kejì dáhùn.

Ó yíjú padà. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ aṣọ tuntun fún. Ó fi ọwọ́ Wúràọlá sílẹ̀. Rosaline fò mọ́ ọmọ rẹ̀, ó wọ́ ọ kúrò létí àpáta, ó dì í mọ́ àyà. Nígbà tí ó gbójú sókè, kùrukùru nìkan ni ó rí.

Zachariah, tí ó gbọ́ igbe Rosaline láti oko, gòkè dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ta lo ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ṣé ẹ rí i?"

"N kò rí ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ tí Wúràọlá jẹ́ ọ lóhùn."

"Kì í ṣe òun," ni Rosaline wí. "Bàbá Edith, kì í ṣe òun ló dáhùn."

Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, Ìyá Àkànó wo ojú ìyàwó náà lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ máa lọ," ni ó wí. "Ẹ má dúró jẹun."

Nínú ọkọ̀, Zachariah ní, "Wúràọlá, ṣé ara rẹ le?"

Ọmọ náà ń wo igi lójú ọ̀nà.

Edith fi ìgúnpá gún un. "Bàbá ń pè ọ́!"

"Èmi kọ́ ni wọ́n ń pè."

"Ta wá ni?"

"Ọmọ yẹn ni." Kò bínú. Kò ṣàwàdà.

"Ìwọ ńkọ́, kí ni orúkọ tìrẹ?" ni Rosaline bi í.

Ọmọ náà ronú. Ó ronú títí. Ó wá bú sẹ́kún. Ọwọ́ Zachariah ṣì sí apá òsì, lọ́rì kan fọn fèrè mọ́ wọn, ẹnikẹ́ni kò sì pariwo.

Wọ́n padà sí Kàdúná. Dókítà ní kò sí ohun tí ó ṣe etí ọmọ náà. Ohun gbogbo ni ó ń gbọ́, àfi orúkọ ara rẹ̀, tí kò tilẹ̀ gbọ́ mọ́. Rosaline kò mọ ohun tí yóò rò. Ọmọ rẹ̀ ni ọmọ yìí, ó mọ òórùn orí rẹ̀, ó mọ àpá tó wà lórúnkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ pè é, kò mọ ohun tí yóò fi ẹnu mú. "Ọmọ mi" ni ó ń sọ. Edith àti Adérógbà ń pè é ní "Ìwọ."

Ọ̀rọ̀ náà dun Zachariah. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń jẹun, ó fọwọ́ lu tábìlì.

"Orúkọ tí ìyá mi sọ ọ́ ni. Orúkọ tí a fi ṣèrìbọmi fún un ni. N kò ní jẹ́ kí ó sọnù."

"Bàbá Edith, ẹ jọ̀ọ́."

"Wúràọlá!"

Ọmọ náà bu òkèlè.

"Wúràọlá!"

"Ó tó, ẹ jọ̀ọ́, ó tó."

"Wúràọlá!"

Ohùn ọmọdé kan dáhùn níta. Ó jìnnà. Kò wá láti ẹ̀yìnkùlé, kò wá láti ilé aládùúgbò. Ó dà bí ohùn ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà, tí ó ti ń rìn láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ìyàwó wa, sọ fún wọn pé mò ń bọ̀."

Edith gbọ́ ọ. Adérógbà gbọ́ ọ. Zachariah dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn tì í, kò sì pe orúkọ náà mọ́ títí ó fi kú.

Ọmọ tí ó jókòó láàárín wọn nìkan ni kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti yó.