Àgékù Lẹ́ẹ̀sì Lórí Páálí

"Páálí mílíìkì nìyí àbí àpótí ìyàwó?" Helen, ọ̀rẹ́ Mùínátù, ló béèrè ní ṣọ́ọ̀bù ìyá Mùínátù, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Inú Mùínátù dùn. Páálí mílíìkì ni lóòótọ́. Ó tọrọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Òkè-Ajé. Tíṣà wọn, Ìyáàfin Matilda, ti ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ páálí àlòkù di ohun ìkẹ́rùsí tó ṣeé gbé sí pálọ̀, nítorí lọ́dún 1985 yìí, ẹni tó bá fẹ́ ra kọ́bọ́ọ̀dù, àfi kó kọ́kọ́ ta ilé. Páálí tó bá dára jù ni yóò lọ sí ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ilé-ìwé Ìjẹ̀bú-Òde. Mùínátù fẹ́ kó jẹ́ tirẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọ ilé-ìwé girama, wọn kò pe orúkọ rẹ̀ sí rere níwájú kíláàsì rí.

Ó ti se sítáàṣì tó rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe gàrí ní Ìjagun, ó sì fi lẹ kàlẹ́ńdà àtijọ́ mọ́ inú páálí náà. Aṣọ ańkárá tirẹ̀ tó ti gbó ló fi bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdérí nìkan ló kù.

"Nǹkan tó ń dán ló yẹ ìdérí," ni Helen wí. Ó nàka sí àgékù lẹ́ẹ̀sì kan lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá Mùínátù. "Ìyẹn ńkọ́?"

"Há! Ti Alájà Sàúdátù ni. Màmá mi kì í mú àgékù oníbàárà."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn aránṣọ kan wà tó jẹ́ pé àgékù aṣọ oníbàárà ni gbogbo ọmọ wọn fi ń dé fìlà. Ìyá Mùínátù kò sí lára wọn. Gbogbo àgékù, bó ti wù kó kéré tó, ló máa ń ká sínú aṣọ tó bá rán tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé aṣọ wá bá a láti Ayépé.

"Èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ? Ta ni yóò béèrè ẹ̀?" Helen tún wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mùínátù wo lẹ́ẹ̀sì, ó wo páálí, ojú rẹ̀ sì wọ lẹ́ẹ̀sì náà. Kò gé e. Ó ṣẹ́ etí rẹ̀ sábẹ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyáàfin Matilda gbé páálí náà sókè. "Ti Mùínátù ni yóò lọ sí ìpàtẹ lọ́la!" Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ẹsẹ̀ Mùínátù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ bó ti ń lọ sílé.

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ tó fi gbọ́ ohùn Alájà Sàúdátù.

"Mo mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù, Ìyá Mùínátù! Fìlà ọmọ-ọmọ mi ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi rán. Ọ̀la la ó sọ ọ́ lórúkọ."

"Wàláhì, Alájà, orí ẹ̀rọ níbí ni mo fi sí."

"Ó wá lẹ́sẹ̀ ni? Àṣé bákan náà ni gbogbo ẹ̀yin aránṣọ. Gbogbo Ayépé ni yóò gbọ́ ọ!"

 Ìyá Mùínátù ń tú àpò aṣọ kiri. Àánú ìyá rẹ̀ ṣe Mùínátù, ojú sì tì í gidigidi. Bó bá dákẹ́, páálí rẹ̀ yóò lọ sí ìpàtẹ, orúkọ ìyá rẹ̀ yóò sì bàjẹ́ dé Ayépé. Ó kúnlẹ̀.

"Alájà, ẹ dákun, èmi ni mo mú un. Ó wà lára páálí tí mo ṣe fún ilé-ìwé. Màmá mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Ìyá rẹ̀ kọjú sí i. "Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Lọ gbé e wá."

Mùínátù sáré padà sí ilé-ìwé, ó sì jẹ́wọ́ fún Ìyáàfin Matilda. Tíṣà náà kò pariwo. Ó gbé páálí náà lé e lọ́wọ́, ó ní ti ẹlòmíràn ni yóò lọ sí ìpàtẹ. Omijé ni Mùínátù fi rin ọ̀nà délé.

Ó ri ìdérí náà sínú omi. Sítáàṣì rọ̀, lẹ́ẹ̀sì sì ṣí kúrò ní odindi, ṣùgbọ́n páálí ìdérí rọ̀ bàjẹ́. Ìyá rẹ̀ ṣan aṣọ náà, ó lọ̀ ọ́ gbẹ, ó sì rán fìlà kékeré lójú Alájà.

Alájà yí fìlà náà lọ́wọ́, ó wo páálí tí kò ní ìdérí mọ́. "Ìwọ lo ṣe gbogbo èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé tí o ò tọrọ? Ti fìlà lèyí, ǹ bá sọ pé rárá, àmọ́ ǹ bá fún ẹ ní òmíràn. Àgékù kún ilé mi."



Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, Alájà padà wá, báàgì kan lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá Mùínátù, èyí kì í ṣe tiyín o. Ti ọmọ yìí ni. Kó bá mi ṣe páálí tí n ó máa kó aṣọ ọmọ wa sí."

Àgékù oríṣiríṣi ló kún inú báàgì náà, lẹ́ẹ̀sì sì wà níbẹ̀.

Títí di òní, ìyá Mùínátù ṣì ń ká àgékù oníbàárà sínú aṣọ wọn. Àwọn oníbàárà ló wá ń tú u, tí wọ́n ń ní, "Ẹ fún Mùínátù." Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, bí ojú yín bá wọ nǹkan ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí ẹnu yín ṣáájú ọwọ́ yín débẹ̀.