Kọ̀ǹpútà Ìbíjọkẹ́ Lórí Ààrò Ẹja

Ìlà tún ti yọ lójú kọ̀ǹpútà náà. Ìbíjọkẹ́ ò pariwo, kò sì pe ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sídìí tábìlì ní pálọ̀ rẹ̀ ní Ìkòròdú, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo àwọn ìlà pupa àti aláwọ̀ ewé tó ń sáré láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí gbogbo ojú ẹ̀rọ fi ṣókùnkùn. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù méjì. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Tíṣà ni Ìbíjọkẹ́. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, ilé ọkọ ló gbé e dé Ìkòròdú. Láti ọdún 2005 ló ti ń lọ bá àwọn àgbà apẹja ní Ẹ̀pẹ́, tó ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀: orúkọ tí wọ́n ń pe oríṣiríṣi atẹ́gùn orí ọ̀sà, orúkọ tí omi ń jẹ́ nígbà tó bá ń kún àti nígbà tó bá ń fà, ohun tí wọ́n máa ń sọ kí wọ́n tó da àwọ̀n. Ó fẹ́ fi ṣe ìwé fáwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Àgbà mẹ́fà ló bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí à ń wí yìí, lọ́dún 2009, márùn-ún ti kú nínú wọn. Baba Fábíyìí nìkan ló kù, òun náà sì ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún.

Yàtọ̀ sí ewé díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Baba Fábíyìí tí kò tíì tẹ̀, inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn wà. Ẹ lè máa bi ara yín pé ṣé kò kọ ọ́ sínú ìwé ni. Ó kọ ọ́. Àmọ́ bó bá ti tẹ ojú ewé kan sínú ẹ̀rọ tán, á fà á ya, á kó o fún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń yan ẹja tà ní Ẹ̀pẹ́, kí ìyẹn lè máa fi di ẹja fún oníbàárà. Ẹ má bú u. Ìwé tí a ti lò tán kì í ṣòfò nílé ẹlẹ́ja, gbogbo tíṣà tó ní ẹbí nídìí ẹja ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Làtífù ló ń bá a tún kọ̀ǹpútà náà ṣe, ọkùnrin kan tó ní ìsọ̀ kékeré nítòsí gáréèjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbé e wọ ẹ̀yìn ìsọ̀, tó fi ẹ̀rọ kan fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i nínú, tí ojú rẹ̀ sì padà là. Nígbà kejì, Ìbíjọkẹ́ bi í léèrè ohun tó ń ṣe é gan-an.

"Ṣíìpù tó ń gbé àwòrán wá sójú ẹ̀rọ ló níṣòro, mà," ni Làtífù wí. "Tó bá ti rí ooru, ó máa ń jí."

"Ṣé kò ní kú mọ́?"

"Ẹ ṣáà lò ó ná, mà."

Làtífù kì í ṣe olè o. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló mọ̀. Irú kọ̀ǹpútà yẹn mìíràn bíi márùn-ún ló wà lórí pẹpẹ rẹ̀, àìsàn kan náà ló ń ṣe gbogbo wọn, agara sì ti dá òun náà. Àmọ́ kò bi Ìbíjọkẹ́ bóyá ó ṣì ní rìsíìtì, Ìbíjọkẹ́ ò sì bi í bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ló lábùkù. Owó iṣẹ́ ni Làtífù gbà, ẹ̀rọ ni Ìbíjọkẹ́ gbé lọ sílé, ó parí.

Nígbà kẹta yìí, Ìbíjọkẹ́ bá ìsọ̀ ní títì. Wọ́n ní Làtífù ti lọ sílùú wọn ní Ọ̀ṣun lọ sin ẹnìkan, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi, Ìbíjọkẹ́ sì ti fi sọ́kàn pé Ẹ̀pẹ́ lòun á ti parí ọ̀rọ̀ Baba Fábíyìí. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà sínú báàgì, ó wọ ọkọ̀, ó gba Ìmọ́ta lọ. Gbogbo ojú ọ̀nà ló fi sùn.

Nídìí ààrò ló bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Ṣẹ̀rífátù. Àgbá mẹ́ta ló wà níwájú ìyá náà, wáyà wà lórí wọn, ẹja àrọ̀ tó ká bí òrùka tò sórí wáyà. Ìyá wo ojú ọmọ wọn, wọ́n ní kí ló dé tó rí bí ẹni tí wọ́n gbà lẹ́rù. Ìbíjọkẹ́ ṣàlàyé. Ó ní ooru ni Làtífù fi ń jí i, kò sì sí Làtífù.

"Ooru?" ni Ìyá Ṣẹ̀rífátù wí. "Ooru wo ló wà ní Ìkòròdú tí kò sí níwájú mi yìí?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín lásán ni lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rẹ̀ kì í bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè púpọ̀. Kò pẹ́ tí Ìyá fi kó ẹja kúrò lórí àgbá tí iná rẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ́ná, tí Ìbíjọkẹ́ fi aṣọ ànkárá àtijọ́ kan di kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó sì tẹ́ ẹ sórí wáyà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi í síbẹ̀. Nígbà tó gbé e sọ̀kalẹ̀ tó tàn án, ojú rẹ̀ là kedere.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn wá jù. Fíláàṣì wà lára kọ́kọ́rọ́ Ìbíjọkẹ́. Ó lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò ṣe é. Inú rẹ̀ dùn débi pé iṣẹ́ ló dojú kọ. Ó ṣí ọ̀rọ̀ Baba Fábíyìí, ó tẹ èyí tó kù nínú ìwé sí i. Bó ṣe ń tẹ ewé kan tán ló ń nawọ́ rẹ̀ sí Ìyá, Ìyá náà sì ń fi di ẹja.

Lẹ́yìn ọ̀sán, kí Ìyá tó kírun àsárì, ìlà tún yọ. Ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tó ti ń tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Ìyá ní bóyá kò tíì jinná dáadáa ni. Wọ́n tún gbé e padà sórí wáyà, wọ́n sì fi í síbẹ̀ pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èéfín dúdú ló kọ́kọ́ jáde, òórùn ike tó ń jó sì borí òórùn ẹja.

Obìnrin kan tó wá ra ẹja ló kígbe mọ́ wọn. Mọ́fẹ́yìsára lorúkọ rẹ̀, ìdí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan nílùú náà. Ó ní kí wọ́n gbé e kúrò lórí iná kíákíá, bátìrì rẹ̀ lè bú gbàmù. Ó fi àkísà gbé e sílẹ̀, ó ní kí wọ́n jìnnà sí i títí á fi tutù, lẹ́yìn náà ló yọ bátìrì tó ti wú, ó sì lọ fi yanrìn bò ó níbi tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Ìgbà yẹn ló tó jókòó, tó ní kí Ìbíjọkẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún òun látìbẹ̀rẹ̀.

Ó gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ irú rẹ̀, àfi ti ààrò ẹja.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún yín," ló wí. "Òjé tíntìntín ló so ṣíìpù yẹn mọ́ bọ́ọ̀dù, pátákó inú ẹ̀rọ. Èyí tó wà nínú irú ẹ̀rọ yín yìí, wọn ò ṣe é dáadáa láti ilé iṣẹ́. Tó bá gbóná, tó tutù, tó gbóná, tó tutù, á máa sán díẹ̀díẹ̀. Ooru tí wọ́n ń fẹ́ sí i kàn ń lẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ ni. Kò wò ó sàn."

"Iṣẹ́ mi ńkọ́?"

"Iṣẹ́ yín ò sí nínú ṣíìpù. Inú háàdì dísìkì, ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú nǹkan sí, ló wà. Ojú ẹ̀rọ ló fọ́, inú rẹ̀ ò fọ́. Ká ní ẹ gbé e wá bá èmi tàbí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n láàárọ̀ yìí, à bá yọ dísìkì yẹn, à bá kó gbogbo rẹ̀ síbòmíì, láìsí nǹkan tó sọnù."

Mọ́fẹ́yìsára wá sọ èyí tó burú ṣìkejì. Ó ní ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ti jẹ́wọ́ àbùkù yẹn fúnra wọn, wọ́n sì ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá mú rìsíìtì wá, bí ọjọ́ wáráńtì tiẹ̀ ti kọjá. Àmọ́ wọn kì í gba èyí tí ẹlòmíì ti tú, ká má tíì sọ èyí tí wọ́n ti yan. Rìsíìtì Ìbíjọkẹ́ wà nílé ní Ìkòròdú, kò sọnù, kò ya.

Mọ́fẹ́yìsára yọ dísìkì náà, ó gbé e lọ sọ́fíìsì. Ní ọjọ́ kejì ó padà wá. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà márùn-ún tó ti kú pé pérépéré, ó ti kó wọn sínú fíláàṣì. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, Baba Fábíyìí, ni kò ṣí, èyí tí ẹ̀rọ kú lé lórí. Ó ti gbìyànjú gbogbo ohun tó mọ̀. Ó bẹ Ìbíjọkẹ́ pé kó má bínú, Ìbíjọkẹ́ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbíjọkẹ́ ra ìwé ogún-ewé àti bírò, ó gba ilé Baba Fábíyìí lọ. Baba wà lórí àga níwájú ilé, wọ́n da aṣọ bo ẹsẹ̀. Láàárín ọdún kan tí wọn ò ti rí ara wọn, Baba ti gbẹ, ìrántí wọn sì ti ń fò. Ìbíjọkẹ́ kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó ní òun tún dé, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun tún ọ̀rọ̀ ọ̀sà yẹn sọ.

Baba la ẹnu. Wọ́n pe orúkọ atẹ́gùn kan, wọ́n wá ìkejì títí, wọn ò rí i. Wọ́n tún padà sí ti àkọ́kọ́. Wọ́n wo Ìbíjọkẹ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣebí mo ti kó gbogbo ẹ̀ fún ẹ, ọmọ mi," ni Baba wí. "Ọ̀dọ̀ rẹ ló wà. Torí ẹ̀ lọkàn mi ṣe balẹ̀."

Ìbíjọkẹ́ ò lè sọ fún wọn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Baba," ó sì kọ orúkọ atẹ́gùn kan ṣoṣo yẹn sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá rí i tí ìlà ń yọ lójú kọ̀ǹpútà alágbèéká yín, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn tó tún ń là, ẹ má dúró de ìgbà kejì. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ kó iṣẹ́ yín jáde sínú fíláàṣì tàbí sórí ẹ̀rọ mìíràn. Bó bá ti kú pátápátá, ẹ mọ̀ pé ohun tó wà nínú dísìkì lè má tíì bàjẹ́, kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó tú u, ẹ wá rìsíìtì, ẹ wo nọ́ńbà abẹ́ ẹ̀rọ, ẹ kàn sí ibi tí ẹ ti rà á, kí ẹ sì béèrè bóyá àbùkù náà ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é wá. Ẹ̀tọ́ yín ni. Oníṣẹ́ tó bá ní ooru lòun máa fi wò ó, ẹ bi í pé ọjọ́ mélòó ló máa lò. Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ tó ní bátìrì sún mọ́ iná, ì báà jẹ́ ẹ̀ṣẹ́ná.

Ẹ má sì ya ìwé tí ẹ fọwọ́ kọ. A lè ra kọ̀ǹpútà mìíràn. Ohun tí àgbàlagbà fi sí yín lọ́wọ́, tó sì fi ọkàn balẹ̀ lé yín lórí, a ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á.