Orúkọ Tó Gbẹ̀yìn Eré

Ìborí náà, àpò tí wọ́n fi ń bo òṣèré lórí, tún ti rin. Thelma Garside ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó bá ọ̀rinrin níbi tí ẹnu èèyàn máa ń wà, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, àfi bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ lórí ni. Bẹ́ẹ̀ Sinan, òṣèré tó ń dé e, kò tíì wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Inú yàrá aṣọ tí wọ́n tì pa ni ìborí ọ̀hún sùn mọ́jú.

Ó yẹ kí ẹ̀rù ba Thelma. Ṣùgbọ́n ìbínú ló kún inú rẹ̀, kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rù.

Òun ni olùdarí eré náà, ní ilé ìṣeré kan létí èbúté ní Hull, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Eré ọ̀hún dá lórí Hazim al-Rikabi, ọkùnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì tà ní gúúsù Iraq. Àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì mú un nígbà ogun, wọ́n fi àpò bò ó lórí, wọ́n sì lù ú títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó, wọn ò pè é lórúkọ rárá. "Ẹlẹ́wọ̀n Kẹta" ni wọ́n ń wí ṣáá. Opó rẹ̀ ló yọ̀ǹda kí Thelma ṣe eré náà, ohun kan ṣoṣo ló sì béèrè: "Ẹ bá mi pe orúkọ ọkọ mi sókè létí àwọn èèyàn yín." Thelma ṣèlérí fún un.

Orúkọ yẹn ni wọ́n fi parí eré. Àmọ́ àwọn òṣèré ibẹ̀ ní èèwọ̀ kan: wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn eré nígbà ìdánrawò, àfi tí èrò bá jókòó. Nítorí náà, láti ìgbà tí wọ́n ti ń múra, ẹnikẹ́ni ò tíì pe ọkùnrin náà lórúkọ lórí ìtàgé. Wọ́n kàn ń lù ú ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe lílù náà ni pé Sinan á dùbúlẹ̀ sẹ́yìn tábìlì, Declan Moss tó ń ṣe sájẹ́ǹtì á máa gbá àpò iyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Sinan á sì máa kérora.

"Declan, ṣé eṣinṣin lò ń pa ni?" Thelma jágbe mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. "Gbá a! Mo fẹ́ kí àwọn tó bá jókòó níwájú bì!"

Declan fi gbogbo agbára gbá a. Ìkérora kan jáde, ó gùn, ó sì rẹlẹ̀, bí ti ẹni tí ó ti rẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀.

"Ìyẹn gan-an, Sinan! Bẹ́ẹ̀ ni kó o máa ṣe é, ọmọ mi."

Sinan dìde lẹ́yìn tábìlì, ó ti bọ́ ìborí, ìgò omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi kọ́ o," ó rọra wí. "Omi ni mò ń mu."

"Iyanrìn ló ké nìyẹn," Declan fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò bá a rẹ́rìn-ín.

"Ohun yòówù kó jẹ́, ó wọni lára," ni Thelma wí. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Lionel Strickland wọlé, tòun ti ife tíì rẹ̀. Òun ni alága ilé ìṣeré náà. Òun náà ló sì ṣe ọ̀gá àgọ́ tí Hazim kú sí, ẹnikẹ́ni ò sì bi í léèrè nǹkan kan rí.

"Thelma, ẹ bá mi yọ orúkọ yẹn kúrò. Ojú ogun le. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ kò lè mọ̀."

"Ẹni tó kú yẹn náà dé ibẹ̀, Kọ́nẹ́ẹ̀lì."

"Ó ti lé lógún ọdún! Ta ló ṣì ń rántí?"

Thelma dojú kọ ọ́. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. "Ìyàwó rẹ̀ ń rántí," ó ní. "Ẹ wá lọ́sàn-án Sátidé. Ẹ jókòó síwájú pátápátá. Ẹ̀yin náà á rántí."

Nígbà tó di Sátidé, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà fún èrò, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Kọ́nẹ́ẹ̀lì jókòó síwájú, ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sáàárín orúnkún. Lórí ìtàgé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹlẹ́wọ̀n náà. Obìnrin kan fọwọ́ bo ẹnu, ó sáré jáde. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n ti ṣètò rẹ̀, Sinan bọ́ ìborí, ó fi bo àpò iyanrìn lórí, ó sì yọ́ wá síbi tí Thelma dúró sí lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Declan nìkan ló kù lórí ìtàgé. Ó kọjú sí èrò.

"Hazim al-Rikabi."

"Èmi nìyí."

Ohùn jẹ́jẹ́ ni, láti abẹ́ ìborí. Thelma yíjú sí Sinan, ó rí i pé ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀.

Níwájú, Kọ́nẹ́ẹ̀lì fò dìde. "Mo ní kí wọ́n mú kó dákẹ́ ni!" ó lọgun. "Mi ò ní kí wọ́n pa á! Ọlọ́run gbọ́, mi ò ní kí wọ́n pa á!" Ó ta gìẹ́gìẹ́ jáde, ó gbàgbé ọ̀pá rẹ̀. Èrò rò pé ara eré ni. Wọ́n dìde, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ títí.

Ayọ̀ gba Thelma lọ́kàn. Ó ti mú ìlérí ṣẹ. Nígbà tí gbọ̀ngàn ṣófo, ó lọ mú ìborí kó tó lọ tẹ opó náà láago. Ó gbóná lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màdáámú," ohùn náà wí láti inú rẹ̀, wẹ́ẹ́. "Ṣé ẹ tún máa lù mí nírọ̀lẹ́?"

Tíkẹ́ẹ̀tì ti ìrọ̀lẹ́ ti tán pátá. Ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ti ń tán lọ. Thelma la ẹnu. "Nítorí tiyín ni mo ṣe ń..." ni ó bẹ̀rẹ̀.

Bàtà ṣọ́jà dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Declan ló ń bọ̀, inú rẹ̀ ń dùn. "Thelma! Ṣé ẹ rí ojú wọn? Ẹ dúró ná, nírọ̀lẹ́ màá gbá a ju bẹ́ẹ̀ lọ!"

Ìborí náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí kíákíá kíákíá lọ́wọ́ Thelma. Ó ti mọ ìró ẹsẹ̀ yẹn.